Odó Oríta àti Oko Ìdajì-Ọmọ

Bí èèyàn bá ń ti Bassila bọ̀ wá sí Manigri, kó tó wọ ìlú, yóò kọjá lára oko kan tí gbogbo ayé ń pè ní Oko Ìdajì-Ọmọ. Orúkọ náà máa ń ba àlejò lẹ́rù. Mo ti fi etí ara mi gbọ́ tí géńdé kan ń ṣàlàyé fún àwọn oníṣòwò tó ń kọjá pé wọ́n gé ọmọ kan sí méjì níbẹ̀ láyé ogun. Àwọn oníṣòwò náà yára kọjá, wọn ò tilẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n mu omi. Mo rẹ́rìn-ín títí igi tí mo rù fi já bọ́ lórí mi. Kò sẹ́ni tó gé ọmọ kankan. Èmi ni ọmọ náà, odidi ni mo sì wà.

Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn kí wọ́n máa fi irọ́ ṣe ilẹ̀ wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Àpáta kan wà lẹ́yìn ilé wa tí àárín rẹ̀ jìn wọnú, tí wọ́n ń pè ní Ìjókòó Erin. Wọ́n ní erin kan ló jókòó síbẹ̀ nígbà ìwáṣẹ̀. Ìyá bàbá mi, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ lọ ọkà bàbà lórí àpáta náà, máa ń sọ pé bó bá jẹ́ erin ló jókòó síbẹ̀, a jẹ́ pé òun ni erin náà. Igi òrí kan náà wà létí odò, ó tẹ̀ kọdọrọ bí ẹni tó ń kí ọba. Wọ́n ní ọba kan ló kọjá tí igi náà sì kúnlẹ̀ fún un. Ohun tí bàbá mi sọ fún wa ni pé ẹnì kan so ẹṣin mọ́ igi náà nígbà tó ṣì kéré, ó wọ ìlú lọ mu ọtí, ó sì gbàgbé ẹṣin. Ẹṣin fà títí. Ní ọjọ́ kejì tí ọ̀mùtí náà rántí, igi ti tẹ̀, ẹṣin ti lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ mi jù ni Odó Oríta. Odó igi ni, ńlá, wọ́n dojú rẹ̀ dé ilẹ̀ níbi tí ọ̀nà oko ti kọ́kọ́ pín sí méjì. Láyé bàbá bàbá mi ni obìnrin kan bá ọkọ rẹ̀ jà, ó sì gbé odó rẹ̀ rù pé òun ń lọ sílé bàbá òun. Nígbà tó dé oríta, ọrùn ń dùn ún. Ó sọ odó kalẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé, ó jókòó lé e. Ọkọ rẹ̀ dé, ó bẹ̀bẹ̀. Obìnrin ní òun gbà, òun yóò padà, kí ọkọ òun gbé odó. Ọkọ ní ẹni tó gbé odó wá ni kó gbé e padà. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń fà títí oòrùn fi ń wọ̀. Wọ́n wá jọ lọ sílé ní ọwọ́ òfo, oníkálukú ń retí pé ẹnì kejì yóò padà lọ gbé e. Àwọn méjèèjì ti kú tipẹ́, odó sì wà níbẹ̀. Igi líle ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ikán ò rí i jẹ. Bí a bá ń júwe oko fún àlejò, ohun tí a máa ń sọ ni pé, “Bí o bá ti kan odó, yà sí ọ̀tún.”

Bí a bá yà sí ọ̀tún níbi odó, oko bàbá mi la ó dé. Bí a bá lọ síwájú díẹ̀ tí a sì yà sí ọ̀tún lábẹ́ igi òrí tó tẹ̀ yẹn, oko bàbá àgbà kan la ó dé, ẹni tí a ó kàn máa pè ní ará ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yìn oko méjèèjì ló kan ara wọn, ìlà pèrègún kan ló sì pààlà sáàárín wọn. Ẹnì kan fa pèrègún kan tu. Bàbá mi ní ará ẹ̀yìnkùlé ni. Ará ẹ̀yìnkùlé ní bàbá mi ni. Ọdún méje gbáko ni wọn ò fi kí ara wọn. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà odò, ọ̀kan á máa wo ẹyẹ, èkejì á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ará ẹ̀yìnkùlé yìí kò bímọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń se oúnjẹ fún un.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí àwọn Faransé tó kọ́kọ́ gba ọ̀nà wa kọjá nígbà tí ọkọ mi tọrọ mi. Ará Bassila ni. Wọ́n ń sọ èdè wa nílé wọn, wọ́n sì ń sọ ti àwọn ará Bassila pẹ̀lú. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì péré, lẹ́ẹ̀kan lọ́jà, lẹ́ẹ̀kan nílé wa, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo sì rí nílé wa, nítorí mo sá wọ yàrá gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́, mo ń yọjú láti ibi ihò ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ dára. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá iwájú náà dára bí mo ṣe rántí rẹ̀ láti ọjà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n bá ní kó lọ fi gbogbo ayé rẹ̀ gbé ilé ẹnì kan ló mọ bó ṣe máa ń rí.

Bàbá mi gbà á, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn náà ń tọrọ mi: àgbàlagbà kan láti Pénéssoulou, olóko ńlá, aláya mẹ́ta. Bàbá mi wá sọ ohun tí gbogbo bàbá máa ń sọ nígbà náà. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ ebè àna lórí ilẹ̀ òun, òun ló ni ọmọ. Ọ̀wẹ̀ àna nìyẹn: ọkọ ìyàwó á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, wọn á kọ ebè iṣu fún bàbá ìyàwó láàárín ọjọ́ kan, bàbá ìyàwó á sì bọ́ wọn yó. Ará Bassila ni ọjọ́ kọ́kọ́ kàn. Bí tirẹ̀ bá yẹ̀, ti Pénéssoulou kàn lẹ́yìn ọjà mẹ́ta.

Ọ̀wẹ̀ àna ní èèwọ̀ tirẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa. Bàbá ìyàwó kò gbọdọ̀ yọjú sí oko títí oúnjẹ ọ̀sán yóò fi jinná, kí wọ́n má baà ní ó ń ṣọ́ àna rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ẹrú. Àwọn tó ń bọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni lọ́nà pé, “Níbo ni oko àna wa wà?” Ìtìjú ńlá ni. Alárinà ló yẹ kó mú wọn débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ alárinà wú nígbà tó ku ọjọ́ méjì, kò lè rìn. Ó kàn ránṣẹ́ sí wọn ní Bassila pé, “Ẹ lọ títí ẹ ó fi kan odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ẹ yà sí ọ̀tún. Ilẹ̀ tí ẹ bá dé ni.”

Mi ò mọ̀ pé ohun tó wí fún wọn nìyẹn. Ká ní mo mọ̀ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ń bọ̀, pé wọn ò ní jẹ́ kí n gbé oúnjẹ lọ sí oko, àti pé iwájú ọkùnrin yìí á tún wá, á tún lọ, láìjẹ́ pé mo rí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, èmi àti ọ̀rẹ́ mi lọ pọnmi. Mo ní, “Bí a bá rí nǹkan jókòó lé lábẹ́ igi òrí létí odò, a lè máa ṣe bí ẹni tó ń sinmi. A ó máa wo gbogbo ojú ọ̀nà láti ibẹ̀.” Ọ̀rẹ́ mi wo odó. Èmi náà wo odó. Ohun tó dúró níbẹ̀ láti ayé bàbá bàbá mi, àwa méjèèjì yí i gbirigbiri láti oríta àkọ́kọ́ dé abẹ́ igi òrí, a dojú rẹ̀ dé, a sì jókòó lé e wò. Ó dára. Mo ní a ó yí i padà ní ọ̀la bí wọ́n bá ti kọjá.

Ilẹ̀ mọ́, a gbé ìkòkò, a dé ibẹ̀, a jókòó. Ẹyẹ kọjá. Arúgbó kan kọjá pẹ̀lú ewúrẹ́. Oòrùn gùn. Ọ̀rẹ́ mi ní, “Àfi bí wọ́n bá ti kọjá kí a tó dé.” Inú mi bàjẹ́, mo ní kí a máa lọ sílé, iyán ń dúró dè wá. Àánú ara mi ṣe mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi rántí odó mọ́.

Àkùkọ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti kúrò ní Bassila. Ìdájí ni wọ́n dé, nǹkan bí ọgbọ̀n géńdé, olúkúlùkù pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Wọ́n kọjá oríta àkọ́kọ́, wọn ò rí odó. Wọ́n dé abẹ́ igi òrí, odó nìyí, wọ́n yà sí ọ̀tún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè.

Ní ọ̀sán, bàbá mi wọ aṣọ rere, ó ṣíwájú àwọn obìnrin tó ru iyán, ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ àti ọtí ọkà. Ìyá mi ló ròyìn fún mi bó ṣe rí. Wọ́n dé oko wa. Koríko dúró bó ṣe wà. Kò sí ebè kan. Bàbá mi dúró. Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ orin ọ̀wẹ̀ láti ẹ̀yìn ìlà pèrègún. Bàbá mi ya koríko wò. Ebè lọ bẹẹrẹbẹ lórí ilẹ̀ ọ̀tá rẹ̀, ó dúdú, ó ga, ó gún régé. Àwọn àna rẹ̀ jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń kọrin. Ará ẹ̀yìnkùlé jókòó láàárín wọn.

Bàbá mi kò bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Lójú tirẹ̀, àbùkù ni, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ àna fún ẹni tó ń bá a jà ni. Ó ní kí àwọn obìnrin gbé oúnjẹ padà sílé. Ó ránṣẹ́ sí ọkọ ìyàwó pé kó má wá sí ilé òun mọ́. Ó tún ránṣẹ́ sí Pénéssoulou pé ọjọ́ wọn ń bọ̀. Ẹgbẹ́ Bassila kò lè padà wá kíákíá, nítorí oko tiwọn náà ń dúró, ìgbà ebè kì í dúró de ẹnì kan. Ohun tí mo rò ni pé mo ti di aya kẹrin ní Pénéssoulou nítorí odó.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kété tí ìyá mi sọ pé abẹ́ igi òrí ni wọ́n yà. Mi ò lè sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, mo ní láti sọ ìdí tí mo fi yí odó, èwo ni ọmọbìnrin tó máa jókòó sójú ọ̀nà láti wo ọkùnrin? Gbogbo ọjọ́ yẹn ni mo fi gún iyán tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ. Ní ọjọ́ kejì, ìyá mi di ọwọ́ mi mú, ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi tó bó.

Ó ní, “Iyán kì í bóni lọ́wọ́ báyìí. Kí lo gbé?”

Mo sunkún. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu, mo rò pé ó ń bínú, àṣé ẹ̀rín ló ń pa á. Lẹ́yìn náà ó fà mí lọ síwájú bàbá mi, ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n tún un sọ. Àbúrò bàbá mi wà níbẹ̀, aládùúgbò méjì náà wà níbẹ̀. Mo sọ ọ́ ní ojú gbogbo wọn. Ojú tì mí débi pé mo ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bàbá mi fara sún mọ́ mi. Ó ní, “Nítorí kí o lè rí i?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Ó ní, “Ṣé o wá rí i?”

Mo ní, “Rárá, Bàbá.”

Àbúrò bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, àwọn aládùúgbò náà ò lè pa á mọ́ra. Títí di òní, bí mo bá ń wá ohunkóhun nílé wa, ẹnì kan á sọ pé, “Yí odó lọ.” Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò bínú sí àwọn ará Bassila mọ́, wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí òun sọ, òun ti sọ ọ́: ebè kò sí lórí ilẹ̀ òun. Kò ní yí i padà nítorí pé ọmọ òun lójú kòkòrò. Bí bàbá mi ṣe rí nìyẹn, bí orí rẹ̀ bá ti gbé nǹkan, ẹṣin kò lè fà á tẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, tí a rí ará ẹ̀yìnkùlé ní ẹnu ọ̀nà wa. Ọdún méje tí kò fi tẹ ilẹ̀ yẹn. Ó bọ́ fìlà. Kò dúró kí wọ́n fún un ní àga.

Ó ní, “Mo mọ̀.”

Bàbá mi ní, “Kí lo mọ̀?”

“Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni wọ́n wá bá. Mo dé oko mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo rí ọgbọ̀n ọkùnrin tó ń kọ ebè. Mo fẹ́ pariwo. Gbogbo wọn ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbọrọ, wọ́n ní, ‘Ẹ kú àárọ̀, àna wa.’ Ní gbogbo ayé mi, ẹnì kan kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnu mi kọ̀, kò ya. Mo lọ sílé, mo ní kí àbúrò mi se oúnjẹ.”

Ó ń bá a lọ pé, “Ní báyìí, mo ti jẹ iṣẹ́ àna, mi ò sì ní ọmọ tí n ó fún wọn. Olè ni mí nìyẹn. Gba oko náà, ìwọ ni kó o gbin iṣu sí ebè yẹn. Èmi á wá kọ ebè ara mi lórí ilẹ̀ tìrẹ.”

Bàbá mi ní, “Kí wọ́n lè sọ pé mo gba ilẹ̀ rẹ pẹ̀lú ààlà? Mi ò gbà á.”

“Kí ni kí n wá ṣe? Kí n tú ebè ká?”

Inú ará ẹ̀yìnkùlé bà jẹ́ gan-an, ó hàn. Mo wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo ń gbọ́, mo sì mọ̀ pé ọ̀nà Pénéssoulou ló ń là sílẹ̀ fún mi yẹn. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò rò pé ó pète rẹ̀. Ó ní, “Fún mi ní ìdajì ọmọ náà nígbà náà. Bó bá jẹ́ ọmọ mi ní ìdajì, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ilẹ̀ mi, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é.”

Bàbá mi wò ó. Ó ní, “Ìdajì wo lo fẹ́?”

Ó ní, “Èyí tó máa ń pe èèyàn ní bàbá.”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú bàbá mi bí omi tó fẹ́ hó. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé gbé mì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ọwọ́ di ògiri mú. Mi ò tíì gbọ́ kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fa pèrègún yẹn tu. Ó ní kí wọ́n gbé àga wá. Wọ́n pè mí jáde, mo kúnlẹ̀ níwájú ará ẹ̀yìnkùlé, mo ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá.” Ó kàn ń fi fìlà rẹ̀ nu ojú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi ránṣẹ́ sí Pénéssoulou pé kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, wọ́n ti kọ ebè náà. Ó ránṣẹ́ sí Bassila pé wọ́n jẹ òun ní gbèsè oúnjẹ kan tí wọn kò jẹ, kí wọ́n tètè wá jẹ ẹ́.

Ẹ má rò pé wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ ààlà. Wọn kò yanjú rẹ̀. Wọ́n ń jà sí i títí, àmọ́ ìjókòó ni wọ́n fi ń jà á, pẹ̀lú ọtí ọkà, ní ilé ẹni tí ìgbà kàn. Bí bàbá mi bá ti ń pariwo pé, “Ìwọ lo fa pèrègún tu,” ará ẹ̀yìnkùlé á ní kó rọra, kó má jí ìdajì ọmọ òun tó ń sùn. Ibẹ̀ ni oko ará ẹ̀yìnkùlé ti gba orúkọ Ìdajì-Ọmọ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yí odó padà sí oríta rẹ̀, òun náà kò sì jẹ́ kí n sinmi lórí ọ̀rọ̀ iwájú ọkọ mi. Ó dára, ẹ̀yin tó fẹ́ mọ̀. Imú rẹ̀ tóbi díẹ̀.

Iṣu ta dáadáa lọ́dún náà, ní oko méjèèjì, nítorí ẹgbẹ́ Bassila padà wá ní ìparí ìgbà ebè, wọ́n kọ ti bàbá mi náà lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n jẹ iṣu tuntun tán ni wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwọn ará Bassila wá mú mi ní òwúrọ̀. Ilé kún. Wọ́n kó ẹrù mi sí ìta, wọ́n mú mi jókòó sí ẹsẹ̀ bàbá mi kó lè súre fún mi, nítorí ìyàwó kì í kúrò nílé láìgba àdúrà bàbá. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí. Kò sọ nǹkan kan. A dúró. Oòrùn ń gòkè, àwọn àlejò ń wo ara wọn, ọ̀nà jìn. Àbúrò bàbá mi wúkọ́. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra bi í pé kí la ń dúró dè.

Bàbá mi ní, “Bàbá rẹ̀ kejì kò tíì dé.”

Wọ́n ní kí ẹnì kan sáré lọ pè é. Ẹni náà kò rìn jìnnà. Ará ẹ̀yìnkùlé wà lẹ́yìn ògiri ilé wa látàárọ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tuntun, ó sì dúró síbẹ̀, nítorí kò dá a lójú pé wọn yóò pe òun.